Orúkọ Tí A Jọ Ń Jẹ́

Ní ìsinmi ọdún tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Bobè gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, wọ́n ní kí n wá bá àwọn wo sinimá. Èdè Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Faransé sì ń kọjá nísàlẹ̀. Mo jókòó nítorí pé n kò fẹ́ bà wọ́n nínú jẹ́. Nígbà tí ó parí, èmi nìkan ni n kò lè dìde.

Libertad ni orúkọ fíìmù náà. Clara Roquet, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ni ó ṣe é. Òun sì ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí ó darí. Wọ́n fi í hàn ní Cannes ní ọdún 2021, nínú ètò Semaine de la Critique. Ní ọdún 2022, Roquet gba ẹ̀bùn Goya ti olùdarí tuntun. Nora, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bá ẹbí rẹ̀ lọ lo ìsinmi ní ilé wọn tó wà létí òkun. Ìyá àgbà rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Rosana, obìnrin ará Kòlóńbíà kan, ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọbìnrin Rosana, tí ìyá rẹ̀ ti fi sílẹ̀ nílé láti kékeré, wá dé láti Kòlóńbíà. Libertad ni ó ń jẹ́, èyíinì ni Òmìnira. Òun àti Nora di ọ̀rẹ́. Ilé kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ẹbí ọ̀kan ń san owó iṣẹ́, ìyá èkejì ń gbà á.

Ohun tí ó dì mí mú nìyẹn. Èmi náà ti jẹ́ Nora rí.

Ní 1999, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní Savalou. Ìyá mi ń ta aṣọ. Wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá láti abà kan nítòsí Bobè kí ó máa ràn án lọ́wọ́: ẹni tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon, tí àwa ń pè ní ọmọ ọ̀dọ̀. Ó fi ọdún kan jù mí lọ. Òfin ọdún 2006 lórí kíkó ọmọdé láti ibì kan sí ibòmíràn kò tí ì sí nígbà náà, kò sì sí ẹni tó rò pé ohun tí a ṣe burú. Bàbá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́wàá wá, ìyá mi fún un ní ìró kan, ọ̀rọ̀ parí.

Lálẹ́, lórí ẹní kan náà, mo ń kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Òun náà kọ́ mi bí a ti ń ru garawa omi láì fọwọ́ kàn án, bí a ti ń pa àlọ́ abà wọn, bí a ti ń rẹ́rìn-ín tí àgbà kò fi ní í gbọ́. Ní ọjọ́ kan, a pín àádùn inú ewé kan jẹ lẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọbìnrin ti máa ń ṣe, a sọ ara wa ní Àádùn. Èmi Àádùn, òun Àádùn. Ìyá mi kì í mọ ẹni tí ń pe ẹni.

Ní 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ ọdún iṣu, Savalou kún fọ́fọ́. Àwa méjèèjì ń bọ̀ láti ọjà. Agbọ̀n wà lórí rẹ̀, ọwọ́ mi ṣófo. A pàdé àwọn ọmọ kíláàsì mi, bàtà wọn ń dán. Ọ̀kan bi mí pé, « Ta nìyí? » Mo ní, « Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni. »

Irọ́ kọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi rí ohun tí mo lè tọrọ àforíjì fún.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, « Tàntí, ṣé kí n gbé omi ìwẹ̀ yín sílẹ̀? » Tàntí. Yín. Ẹni tó jù mí lọ! Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ti tẹ́ ẹní tirẹ̀ sí ilé ìdáná. Títí tí ó fi padà sílé ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò pè mí ní Àádùn mọ́.

Ojú Nora ni Roquet fi wo ìtàn náà. Inú mi ìbá dùn ká ní ó jókòó pẹ́ díẹ̀ sí i ní ilé ìdáná. Sembène Ousmane ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1966 nínú La Noire de..., fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tirẹ̀: ohùn Diouana, ọmọbìnrin tó ti Dakar lọ ṣiṣẹ́ ilé ní Antibes, ni a ń gbọ́. Ṣùgbọ́n Diouana kò ní ọ̀rẹ́ nínú ilé náà. Roquet mọ̀ pé ìfẹ́ àárín ọmọbìnrin méjì lè jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ kí ilé má jẹ́ tiwọn bákan náà. Nora kì í ṣe ènìyàn burúkú. Èyí ni ó tilẹ̀ dùn mí jù.

Nígbà tí a pa kọ̀ǹpútà, mo ṣàkíyèsí ẹni tó dìde lọ fọ àwo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Òun ni ìyá rẹ̀ wà ní Kútọnu, tí kì í ṣe ọmọ ẹbí wa. Mo pè é padà. Mo ní kí àwọn méjì yòókù lọ.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ìsọ̀ gàrí. Ó wà níbẹ̀, bí ó ti máa ń wà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti padà sí Bobè, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo sì ti ń ra gàrí. Ó kí mi: « Ẹ káàárọ̀, Tàntí. » Mo ní, « Àádùn, kú iṣẹ́ o. » Ó wò mí. Ó wọn gàrí, ó fi ẹ̀ní sí i, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Lẹ́yìn náà ó ní, « Kò ní í wúwo jù fún yín báyìí? »

Mo gbé e karí.