Ta Ni Olè Ilé Wa?

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ olè ilé ni mo mú wá lónìí, nítorí díẹ̀ ló kù kí n tìtorí rẹ̀ ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Okokomaiko là ń gbé. Ìyàwó mi ń ta omi ọlọ́rá àti sóbò tútù níwájú ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 15, ló máa ń bá a jókòó ti ọjà bó bá ti ilé-ìwé dé. Fíríìjì tòkunbọ̀ ńlá kan ni wọ́n fi ń ṣòwò náà. Alábà ní Ọ̀jọ́ la ti rà á, inú wa sì dùn pé a fi 135,000 náírà dín sí owó tuntun.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná lọ sókè fún àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Band A. Yúnìtì kan tó jẹ́ nǹkan bíi náírà 68 di 225. Tiwa wà lára wọn. Kí oṣù tó parí, èrè ìyàwó mi ti fò lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ owó káàdì iná nínú àpò ọjà, 1,000 lónìí, 2,000 lọ́tùn-únla, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ka owó títí, kò pé. Ló bá kọjú sí ọmọ: "Ìwọ lo ń mú owó mi!"

Ọmọ búra títí, ẹkún kò jẹ́ ká gbọ́ ohun tó ń wí. Èmi tí mò ń pe ara mi ní oníwèé-ìròyìn, n kò wádìí. Mo ní kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ bá ìyá rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá parí.

Ọlọ́run ló yọ wá. Fíríìjì kò tutù dáadáa mọ́, mo pe ẹni tó ń tún un ṣe. Ó fọwọ́ kan rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ti le gbagidi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yín kì í sinmi rárá. Òtútù ń jò jáde, òun náà ń sáré tẹ̀ lé e. Ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù, kí ẹ wo mítà."

A ṣe bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀ kejì. Yúnìtì 3 ti lọ! Mo mú gègé: náírà 675 lójúmọ́, 20,250 lóṣù. Ọkùnrin náà ní tuntun tó mọ iná jẹ, tó sì tó ọjà wa, lè máà ju yúnìtì 1 lọ. Ìyẹn 6,750. Ìyàtọ̀ rẹ̀ 13,500. Oṣù mẹ́wàá péré ni yóò fi gbé 135,000 tí a ń yọ̀ lé lórí mì. Lóòótọ́, owó yúnìtì rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti wá.

Mo pe ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi fà á mọ́ra, ó bú sẹ́kún.

Mo bi ọkùnrin yìí bóyá kí n kúkú kó gbogbo ẹrù àtijọ́ inú ilé dànù. Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá, Ọ̀gá. Ohun tó bá ń jẹun tọ̀sán-tòru bíi fíríìjì, oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ má wo owó tí ẹ fi rà á nìkan. Ṣùgbọ́n fóònù àti rédíò, iná tí wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan. Wàhálà irin, bàbà àti iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe wọ́n ló pọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa tún wọn ṣe títí wọn yóò fi gbó." Ó ní tẹlifíṣàn ẹlẹ́yìn ńlá ti 21 wúwo tó kílò 20, ó sì ń jẹ bíi wáàtì 80. Pẹlẹbẹ ti 32 kò ju bíi kílò 5 lọ, wáàtì 40 sì tó o.

Kì í ṣe ilé wa nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ilẹ̀ Gánà ti fòfin de fíríìjì àlòkù láti 2013.

Lọ́jọ́ tí a gbé tuntun dé, ẹnìkan wá láti Ìbà, ó ní òun yóò san 80,000 fún ti àtijọ́. Òun náà fẹ́ máa ta omi tútù. Ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà rọra kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ṣé olè tó jà wá náà lẹ fẹ́ tà fún wọn?"

Ilé pa rọ́rọ́.

Ẹni tó ń tún un ṣe la padà tà á fún, ní 15,000 náírà. Ó fa gáàsì rẹ̀ sínú sìlíńdà, kò jẹ́ kó tú sáfẹ́fẹ́, ó sì tú u palẹ̀ fún ẹ̀yà ara. Owó ńlá bọ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ẹlòmíràn tí yóò tìtorí rẹ̀ jẹ́ olè ní Ìbà.