Orí Léyà Kan Ṣoṣo

Ó tó ọdún kan tí mo fi ń ya àwòrán lórí fóònù kí n tó mọ iṣẹ́ tí léyà ń ṣe. Mo ń rí àpótí kékeré yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú fóònù, tí wọ́n kọ 1 sí lára, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Ta ló fẹ́ lọ ba nǹkan jẹ́?

Àwòrán agboolé wa ní Bẹẹrẹ ló là mí lójú. Ìyá àgbà ló ní kí n yà á. Àwọn bàbá wa fẹ́ ṣí páànù àtijọ́, kí wọ́n kan tuntun, Màmá sì fẹ́ kí páànù tó ti dógùn-ún yẹn ṣì wà níbì kan, torí ọkọ wọn ló fi owó ara rẹ̀ kàn án. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yà á: ògiri alámọ̀, páànù pupa rúsúrúsú, òkè Mápó lẹ́yìn pẹ̀lú gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929. Gbogbo rẹ̀ lórí léyà kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo fi máa parí rẹ̀, wọ́n ti ṣí páànù gidi lọ. Màmá wo àwòrán náà títí.

"Ó dáa, Àkànbí ọkọ mi. Ṣùgbọ́n táǹkì omi yìí ò sí níbẹ̀ láyé bàbá yín. Yọ ọ́ kúrò."

Kí ló ṣòro níbẹ̀? Mo fi írésà pa táǹkì rẹ́, páànù bá a lọ, apá kan lára Mápó náà bá a lọ. Ihò funfun ló kù. Lójú tèmi, táǹkì ló wà níwájú, páànù ló wà lẹ́yìn. Lójú fóònù, kò sí iwájú, kò sí ẹ̀yìn, àwọ̀ lásán ni gbogbo wọn. Mo ti áàpù náà pa kí n tó ronú pé mo lè dá a padà. Ó ti bọ́.

Mo ṣàlàyé fún Màmá, ojú ń tì mí. Aládìrẹ ni wọ́n nígbà tí ara ṣì le. Wọ́n ní, "Ṣé o ò kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ dí ibi tí o ò fẹ́ kí aró dé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní wọ ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya òpó Mápó sára Ìbàdàndùn nìyẹn, ṣíbí láàárín òpó méjì. Léyà náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: ẹ lè so ọ̀kan mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ò sì ní kọjá etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tó bá ti wọ ìkòkò aró, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Léyà dà bíi ọ̀rá tó mọ́ gaara tí ẹ tò léra, ẹ lè fa ọ̀kan yọ láìkan èkejì.

Mo bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ojú ọ̀run, Mápó, páànù, ògiri, oníkálukú lórí léyà tirẹ̀. Òjìji wà lórí èyí tí mo yí sí Multiply: funfun á pòórá, àwọ̀ dúdú á mú ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣókùnkùn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi JPEG nìkan pamọ́ o. Yóò lẹ gbogbo léyà pọ̀, ẹ ò sì ní rí i tú mọ́.) Fóònù mi ò lágbára, tí léyà bá ti pọ̀ jù, á máa wọ́lẹ̀ bí ìgbín, torí náà mo ń ṣọ́ ọ ná.

Mo ya táǹkì náà padà, lórí léyà tirẹ̀. Mo fi àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ han Màmá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, táǹkì lọ. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, táǹkì dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n wá gbé fóònù súnmọ́ ojú. "Páànù yẹn ò pupa tó báyìí."

Mo ṣí léyà tuntun lé e lórí, mo ní kí wọ́n máa júwe rẹ̀ fún mi.