Àwọn Ọ̀dọ́mọbìnrin Òṣìṣẹ́ Ní Àkókò Àjàkálẹ̀ Àrùn



Nígbà tí àrùn Kòrónà dé sí àárín wa ní ọdún 2020, kíka òkú ni ó di iṣẹ́ wa. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a ó béèrè pé, Ènìyàn mélòó ni ó kú lánàá? Bí iye náà bá dínkù, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ó sì bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Èmi kò sọ pé kí a má ka òkú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan wà tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò rí rárá, nítorí pé àrùn náà kò sábà pa wọ́n. Àwọn ni ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn ti ogún ọdún dé ogójì, tí wọ́n ń jí lọ sí ibi iṣẹ́ òòjọ́ wọn, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ìsọ̀ aránṣọ, tàbí ìdí àtẹ lọ́jà. Nípa tiwọn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Agbẹ̀bí ni mí fún ọdún 31 kí n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ti rí ohun tí ojú ń rí lára obìnrin ní ìgbà àlàáfíà àti ní ìgbà ìpọ́njú.

Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, àjàkálẹ̀ àrùn kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀ fún èwe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àrùn infuluẹ́nsà ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sí Èkó, ọkọ̀ ojú irin sì gbé e gòkè lọ sí àwọn ìlú òkè. Ohun tí ó ya àwọn oníṣègùn lẹ́nu káàkiri ayé ni pé àwọn ẹni ogún ọdún sí ogójì, tí agbára wọn pé, ni ó ń gé lulẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ewu rẹ̀ sì pọ̀ gidigidi fún aboyún. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún náà, ó mú ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Ọdúnlámì. Àwọn ará wa nínú ìjọ Aládùúrà kò gbàgbé rẹ̀, nítorí ohùn tí ó ní òun gbọ́ nípa omi òjò, àti nítorí ẹgbẹ́ àdúrà Òkúta Iyebíye tí òun wà lára àwọn ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé olùkọ́ ilé-ìwé ni. Kí ó tó di aríran nínú ìtàn, òṣìṣẹ́ ni, tí àrùn gbé dùbúlẹ̀ bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ mìíràn tí ìtàn kò pa orúkọ wọn mọ́.

Ti Kòrónà yàtọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò kọ́kọ́ fi í hàn ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé pè é ní àjàkálẹ̀ àrùn gbogbo ayé. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, ìjọba ti Èkó pa, a sì ń pe ìséde náà ní kónílé-ó-gbélé. Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà ni ó ń pa jù, àti pé ọkùnrin ń kú ju obìnrin lọ. Láti inú èyí ni ọ̀pọ̀ ti fà á yọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Bí ọ̀kan bá ní ara òun kò dá, èsì ti wà lẹ́nu wa: “Ọmọdé ni ọ́, ara rẹ yóò gbé e.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ àbúrò mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó níhìn-ín. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé nínú ènìyàn 10 tí ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní ayé, nǹkan bí 7 ni ó jẹ́ obìnrin. Nítorí náà, nígbà tí a ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn dókítà ní orí rédíò, obìnrin ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ọmọ yìí a máa wọ aṣọ ọ̀rá ìdáàbòbò láti orí dé ẹsẹ̀, nínú ooru Èkó, fún wákàtí mẹ́fà. Kì í mu omi kí ó tó wọ̀ ọ́, nítorí pé bí ó bá bọ́ ọ láti lọ tọ̀, kò sí òmíràn. Bí ohun oṣù rẹ̀ bá dé, inú aṣọ náà ni. Ìbòmú tí a fún un, a gé e fún ojú ọkùnrin, ó gbòòrò fún tirẹ̀. Ó ní láti fà á mọ́ra títí ó fi dá egbò sí orí imú rẹ̀. Síbẹ̀, atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ní oṣù kẹfà, àrùn náà mú un. Ọjọ́ 14 ni ó fi wà ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀. Onílé rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá yàrá mìíràn kí ó tó padà. Nígbà tí àyẹ̀wò sọ pé àrùn ti kúrò, gbogbo wa ṣe ọpẹ́, a pa adìẹ, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta.

Níbẹ̀ gan-an ni àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn ìpele kan, àyà rẹ̀ a máa lù kìkìkì bí ẹni tí a lé. Ó ń gbàgbé orúkọ oògùn tí ó ti ń fún ènìyàn láti ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kẹsàn-án, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í re sí inú ìyàrun. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí ìjókòó ni ó ń sùn sí pẹ̀lú bàtà ní ẹsẹ̀. Ìdílé ọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ wá kí wa ní ìgbà méjì. Ní ìgbà kejì, ìyá ọkùnrin náà béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, bóyá ọmọ wa fẹ́ràn ibùsùn púpọ̀. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù ju èyí tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí lọ.

Ìmọ̀ ìṣègùn ti wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé irú àárẹ̀ yìí jẹ́ àìsàn tòótọ́. Àwọn oníṣègùn a máa wo ẹni tí ó ṣì ń ní in lára ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí àrùn ti mú un, tí ó sì ti bá a jà fún oṣù méjì ó kéré tán, tí a kò rí ìdí mìíràn fún un. Obìnrin ni ó ń ṣe ju ọkùnrin lọ. Ó lè mú ẹni tí Kòrónà rẹ̀ kò le rárá, tí kò tilẹ̀ dé ilé ìwòsàn.

Mo rò pé ìtàn ìyá ìyàwó Peteru ni ó ń ṣì wá lọ́nà. A kà pé ibà fi í sílẹ̀, ó dìde, ó sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún wọn lójú kan náà. Ọwọ́ Olúwa ni ó gbé obìnrin náà dìde. Àwa tí a kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wò ó bí a ti ń yára retí oúnjẹ láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ẹlòmíràn wà tí àrùn náà kò fi ọwọ́ kàn rárá, tí ó sì ṣe é léṣe. Aránṣọ kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún 29, ọmọ méjì ni ó ní, oyún oṣù márùn-ún sì wà nínú rẹ̀ nígbà tí a ti ìlú. Ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí Àjíǹde jẹ́ fún aránṣọ. Ní ọdún náà, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ni Àjíǹde bọ́ sí. Ilé ìsìn wà ní títì, kò sí ìgbéyàwó, kò sí òkú àgbà tí a ń ṣe, kò sí aṣọ ẹbí. Ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Owó àjọ tí ó dá ni wọ́n fi jẹun, nígbà tí ìyẹn sì tán, ó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kí ti àwọn ọmọ lè tó. Kò lọ sí ibi ìtọ́jú aboyún, nítorí pé kò sí ọkọ̀, àti nítorí ìbẹ̀rù: wọ́n ní ilé ìwòsàn ni àrùn wà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ó wá tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wú. Mo wo ojú rẹ̀, òun náà wú. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, ó kà 160 lórí 110. Orí ti ń fọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Aago méje ku díẹ̀ ni, aago mẹ́jọ sì ni òfin pé kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní títì. Aládùúgbò kan tí ó ní ọkọ̀ kékeré ni ó gbé wa. N kò mọ ohun tí à bá ṣe bí ó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án ni ó wá tọrọ iyọ̀. Ní oṣù kẹfà ni wọ́n gba ọmọ náà lára rẹ̀, kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ọmọ náà yè. Ìyá rẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru títí di òní. Ẹ wá a nínú gbogbo ìwé tí a fi ka àwọn tí Kòrónà ṣe léṣe, ẹ kò ní rí i.

Ti ọkàn ńkọ́? Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àìfarabalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀ sí i ní ayé ní ìwọ̀n 25 nínú 100 ní ọdún kìn-ín-ní àjàkálẹ̀ náà, àti pé àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin ni ó bá jù. Nínú ìjọ, mo gbọ́ tí a ń sọ fún irú wọn pé ìgbàgbọ́ wọn ni kò tó. Wòlíì Elijah sá lọ sí abẹ́ igi, ó sì bẹ Ọlọ́run kí ó gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tí ó wá kò bá a wí, àkàrà àti omi ni ó gbé fún un, ó sì jẹ́ kí ó tún sùn. Àwọn mìíràn sì wà tí ilé tí a tì wọ́n mọ́ jẹ́ ilé ẹni tí ń lù wọ́n. Irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti rán lẹ́nu iṣẹ́ ju bí mo ti fẹ́ rántí lọ, mo sì mọ̀ pé ní oṣù wọ̀nyẹn, ìlẹ̀kùn tí wọn ì bá gbà sá jáde wà ní títì.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ní oṣù kẹta ọdún 2021, àhesọ kan gba ìlú pé yóò ti ilé ọmọ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. N kò lè ka iye àwọn tí ó wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn olùwádìí ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan oṣù lè fi bí ọjọ́ kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ falẹ̀, tí yóò sì padà sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn náà fúnra rẹ̀ a máa le fún aboyún ju obìnrin tí kò lóyún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù ń lé wọn kúrò lọ́dọ̀ ohun tí ì bá gbè wọ́n, lọ sí ọ̀dọ̀ ohun tí ń wá wọn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbà pàjáwìrì náà ti parí. Ní oṣù náà, ọmọ àbúrò mi ti kúrò ní iṣẹ́ òru. Ibi tí a ti ń wọn ọmọ ọwọ́ ni ó wà, owó rẹ̀ sì ti dínkù. Ìgbéyàwó náà kò wáyé.

Nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ní ìjọ wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ ìsinmi kìn-ín-ní oṣù. Àwa arúgbó ni a kọ́kọ́ tò lọ gbọọrọ. Mo dìde, mo ní kí ẹni tí ó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún fún àwọn ọmọ wa ní àyè. Àwọn kan bínú sí mi, ọ̀kan kò tíì kí mi dáadáa títí di ìsinsìnyí. Àwọn 11 ni ó jókòó ní ọjọ́ náà: olùkọ́ mẹ́ta, ọ̀kan tí ń ta káàdì fóònù, nọ́ọ̀sì méjì, àti aránṣọ wa pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin. Méjì nínú wọn ni ẹ̀jẹ̀ wọn ga, tí wọn kò sì mọ̀. Èyí tí ó kéré nínú àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún 23.