Káàdì Tí N Kò Fi Ránṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ọ̀rọ̀ káàdì ni: káàdì tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nílé, tí kò sì ná an ní owó púpọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sọ pé, "Èmi kò mọ àwòrán yà, n kò sì ní owó." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó yọrí sí fún mi.

Ní ọdún 1996, ìlú Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta. Níbi tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́rin ni wọn kò fi san owó oṣù. Ẹni tí ó bá ti la irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọjá ni yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ní àsìkò náà gan-an ni ìròyìn dé pé àbúrò ìyá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òṣogbo, wà ní ilé ìwòsàn. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni kékeré sí mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé fún ọdún márùn-ún tí mo fi ka ìwé girama. Kí n tó jí ní òwúrọ̀, yóò ti po ògì gbígbóná sílẹ̀ dè mí. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo máa ń kọ lẹ́tà sí i, yóò sì pe ọmọ àdúgbò kí ó wá kà á fún òun.

Owó ọkọ̀ láti lọ kí i kò sí. Owó láti ra ohun tí a fi ń kí aláìsàn kò sí. Nígbà tí ó ṣe, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan wá sí Ìbàdàn, ó ní òun ń padà lọ ní ọjọ́ Sátidé, bí mo bá ní ohun kan láti fi rán òun, kí n mú un wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, mo já ewé kan lára kàlẹ́ńdà tó ti kọjá, mo gé e, mo ṣẹ́ ẹ po. Mo fi ọ̀dà omi ọmọ mi ya òdòdó sí iwájú rẹ̀. Mo lẹ àgékù aṣọ ańkárá kan mọ́ abẹ́ òdòdó náà. Ní inú rẹ̀ ni mo kọ gbogbo ohun tí ó wà ní ọkàn mi sí: nípa ògì òwúrọ̀, nípa fìlà òjò kan ṣoṣo tí ó wà nílé tí ó máa ń dé mi lórí tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì rìn nínú òjò, àti pé mò ń gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tí mo lò ti ṣàn jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pépà náà ti hunjọ. Ọmọ mi àkọ́bí wò ó, ó ní, "Mọ́mì, ṣé adìẹ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo rò ó pé àwọn aláìsàn yòókù yóò ní káàdì tí wọ́n rà ní ilé ìtajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, tèmi yóò wá wà níbẹ̀ bí iṣẹ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo fi káàdì náà sínú dúrọ́ọ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Bá mi kí Màmá gan-an ni." Mo pinnu pé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí mo bá ti rí owó kádíbọ́ọ̀dù tó dára, n óò ṣe òmíràn tí ó gún régé.

Ní ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Ìyá Òṣogbo dákẹ́.

Níbi ìsìnkú, àbúrò mi yìí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá bi mí pé, ṣé ọmọ òun kò kọ ìwé sí òun ni?" N kò rí èsì fọ̀. Káàdì náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní. Ó ṣì hunjọ, òdòdó rẹ̀ ṣì dàbí adìẹ. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá ṣí i tí mo ka inú rẹ̀, mo máa ń rí i pé kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ẹni tí mo kọ ọ́ fún nìkan ni kò kà á.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi ṣe òfin fún ara mi: káàdì tí mo bá ti kọ orúkọ ènìyàn sí, yóò dé ọwọ́ onítọ̀hún, ì báà dàbí adìẹ. Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀ nìyí. Káàdì kan ṣoṣo ni kò dára, òun ni èyí tí ìtìjú kò jẹ́ kí a fi ránṣẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé nǹkan àwọn olówó tàbí ti òyìnbó nìkan ni káàdì. Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ láàárín wa, àwọn baba wa a máa pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ènìyàn bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan, ẹẹ́fà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Bí ẹni náà bá fi mẹ́jọ dá a lóhùn, ẹẹ́jọ ni, ìyẹn ni pé èrò wa jọ, bí ọkàn rẹ ti rí ni tèmi rí. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé èló ni wọ́n ra okùn tí wọ́n fi so ó. Ẹni tí ó rán an ni wọ́n ń wò.

Káàdì Kérésìmesì orí àtẹ pàápàá, ẹ gbọ́ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní London ní ọdún 1843, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Henry Cole tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí ààyè kọ lẹ́tà Kérésìmesì sí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ya àwòrán kan fún òun, wọ́n sì tẹ nǹkan bí 1,000 jáde. Ṣílè kan ni wọ́n ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àìráàyè kọ lẹ́tà ni ó bí káàdì Kérésìmesì títà. Ẹni tí ó bá jókòó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ kò kéré sí ẹni tí ó rà á.

Wàyí o, báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ohun tí ó wà ní ọwọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Lákọ̀ọ́kọ́, pépà. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá tí ó wà lára ògiri yín, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó sì nípọn díẹ̀. Bí ẹ bá sì lè ra kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan, ọ̀pọ̀ káàdì ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo máa ń rà, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ ínǹṣì 22 sí 28. Bí mo bá gé e sí ínǹṣì 10 ní gígùn àti 7 ní ìbú, mẹ́jọ ni mo ń rí. Bí a bá ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan po sí méjì, káàdì tí ó jẹ́ ínǹṣì 5 sí 7 ni. Èyí tí ó ṣẹ́kù jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ oní-ínǹṣì 2. Ẹ má dà á nù. Mo máa ń gé e fún àwọn ọmọ láti fi sàmì sí ojú ìwé Bíbélì wọn.

Lẹ́ẹ̀kejì, ṣíṣẹ́ rẹ̀ po. Ẹ má kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò wọ́. Ẹ gbé rúlà lé àárín gan-an, kí ẹ fi bírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán fa ìlà kan. Ojú ìlà yìí ni pépà yóò gbà po, yóò sì gún bí èyí tí ẹ̀rọ ṣe.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ohun tí a ó fi lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí owó gọ́ọ̀mù, ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ṣíbí ṣítáàṣì kan, kí ẹ wá máa da omi tí ń hó lé e bí ẹ ti ń rò ó, títí yóò fi dì. Ẹ jẹ́ kí ó tutù. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi ìka pa á, nítorí omi ni ó ń mú pépà hunjọ. Àṣìṣe tèmi nìyẹn ní ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé ìwé ńlá lé e lórí di òwúrọ̀. Ẹ kíyè sí i pé aáyán fẹ́ràn ṣítáàṣì. Mo kó káàdì márùn-ún sí abẹ́ ibùsùn nígbà kan, nígbà tí mo máa fi wọ́n ránṣẹ́, aáyán ti jẹ etí gbogbo wọn. Inú ọ̀rá tí a so lẹ́nu pinpin ni kí ẹ máa kó wọn sí.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ télọ̀ àdúgbò yín, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ fún àgékù ańkárá, àdìrẹ àti léèsì. Ohun tí òun ń gbá dànù ni. Ẹ lọ̀ ọ́ kí ó tó di pé ẹ gé e. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kò mọ àwòrán yà, ẹ wọ inú ilé ìdáná. Ẹ dá ilá kan ní ìdábùú. Ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ dàbí òdòdó tí ó ní ewé márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da ojú rẹ̀ dé aṣọ gbígbẹ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí yíyọ̀ rẹ̀ lè dín kù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa ọ̀dà omi sí i lójú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà, kí ẹ sì gbé e kúrò láì fà á. Òdòdó dé! Bí ilá ti ṣe èmi lóore nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó pe òdòdó mi ní adìẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú káàdì ni ó ṣe pàtàkì jù. Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń kọ. Èkíní, mo máa ń pe ẹni náà ní orúkọ tí inú rẹ̀ dùn sí. Èkejì, mo máa ń dárúkọ oore kan pàtó tí ó ṣe. "Ẹ ṣeun fún gbogbo nǹkan" kò tó. "Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi gbé ọmọ ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀" ni ó ń wọ ọkàn. Ẹ̀kẹta ni àdúrà, gbólóhùn kan tàbí méjì, ní èdè tí ẹni náà fi ń gbàdúrà.

Ẹ má gbàgbé oríkì. Káàdì orí àtẹ kò mọ̀ bóyá Àjọkẹ́ ni ẹ ń kí tàbí Àkànní, ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, opó kan wà nínú ìjọ wa tí mo ṣe káàdì fún ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Òdòdó ilá mẹ́ta ni mo tẹ̀ sí i. Mo kọ "Àjọkẹ́" gàdàgbà sí iwájú, nítorí mo mọ̀ pé orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń pè é nìyẹn. Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà tí ó yọ ọ́ jáde nínú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ìyá Bọ̀dé, láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, kò sí ẹni tí ó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìgbà tí ilé bá dákẹ́ jù ni mo máa ń mú un wò." Ẹ bá mi ṣírò owó tí mo ná sí i. Kò tó owó búrẹ́dì kan.

Lóde òní, a ń kí ara wa lórí WhatsApp, ó sì dára, nítorí ó yá. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ìkíni ni yóò bò ó mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Káàdì ni ènìyàn lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ kó àwọn ọmọ yín jọ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ jọ ṣe é. Ẹ má ṣe bá ọmọ tún àwòrán rẹ̀ yà. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà rí ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ gan-an níbẹ̀.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ ronú kan ẹnìkan: olùkọ́ yín àtijọ́, àna yín, aláìsàn kan, tàbí ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti bá jà. Ẹ ṣe káàdì kan ṣoṣo fún un ní ọ̀sẹ̀ yìí. Yóò wọ́ díẹ̀, kò burú. Ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe dúró de èyí tí ó gún régé bí mo ti ṣe.

Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, ọ̀rọ̀ ìtùnú wa kò sì ní pẹ́ jù kí ó tó débi tí a rán an. Àmín.