Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Bàbá

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. N kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà lè ro ẹjọ́ fún ènìyàn, kí ènìyàn sì dá a láì bi ẹnìkejì, àfi ìgbà tí èmi fúnra mi ṣe é.

Ìyá mi ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Tíṣà tí ó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kó òwe jọ sínú ìwé àjákọ, nígbà tí wọ́n sì rí kọ̀ǹpútà kan rà, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń fi ìka méjì péré tẹ òwe wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọjọ́ tí wọ́n parí, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní, “Ìwọ tí o ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣe ohun tí n ó fi lè máa wá òwe nínú iṣẹ́ yìí fún mi.” Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni yóò kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Èdè Java ni mo fi kọ ètò ìṣàwárí náà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ a kọ́kọ́ ka ìwé tán, a sì to àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí atọ́ka. Bí ènìyàn bá béèrè ọ̀rọ̀ kan, atọ́ka ni yóò yẹ̀ wò, kì í ṣe ìwé gan-an. Mo fi òwe bíi mélòó kan tí èmi fúnra mi tẹ̀ dán an wò ní yunifásítì, ó dán mọ́rán. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n tẹ “ẹja”, ètò ní òun kò rí ẹja kankan. Wọ́n tẹ “ẹyẹ”, kò sí. Wọ́n wò mí. Mo ní, “Bàbá, ó dà bí ẹni pé ẹ ti ṣi àwọn àmì abẹ́ lẹ́tà tẹ̀.”

Wọn kò bá mi jiyàn. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti tún ojú ìwé 40 tẹ̀, ojú wọn sì pọ́n. A dán an wò, kò sí ẹja. Mo wá da òwe wọn kọ, mo gbé e lọ sí yunifásítì. Níbẹ̀ ni ẹja ti jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́, títí kan ti ojú ìwé tí wọn kò tún tẹ̀. Ara mi bù máṣọ.

Ìwé kan náà, ètò kan náà, Windows ni méjèèjì ń lò. Java nìkan ni ó yàtọ̀: ẹ̀dà 17, ti ọdún 2021, ni ó wà lọ́dọ̀ Bàbá, ẹ̀dà 21, ti ọdún 2023, ni ti yunifásítì. Ohun tí ó là mí lójú ni “omi” àti “igi”. Iye kan náà ni a ń rí níbi méjèèjì, nítorí pé wọn kò ní àmì kankan.

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ní ìlànà UTF-8, tí Bàbá fi tọ́jú ìwé wọn, nọ́ńbà mẹ́ta ni “ẹ”: 225, 186 àti 185. Ṣùgbọ́n bí ètò kò bá sọ ìlànà tí a ó fi ka ìwé, Java àtijọ́ a máa bi Windows léèrè, Windows ti Bàbá sì ń dáhùn pé windows-1252, ìlànà àtijọ́ kan tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì kan. Báyìí ni “ẹja” ṣe di “áº¹ja” nínú atọ́ka. Ta ni yóò wá ìyẹn? Láti Java 18, tí ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022, UTF-8 ni Java fi ń ka ìwé bí ètò kò bá sọ nǹkan kan.

Èmi ni n kò sọ nǹkan kan. Ìlà kan péré ni ó kù tí n kò kọ. Mo kọ ọ́, mo sáré gbé e lọ, ètò sì tún ní òun kò rí ẹja! Òógùn bò mí kí n tó rántí pé atọ́ka ti tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì ń yẹ̀ wò. Mo pa á rẹ́, mo jẹ́ kí ó to òmíràn, ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Ẹ kò ṣi nǹkan kan tẹ̀.”

Wọ́n ní àwọn mọ̀. Nígbà tí àwọn ń tún ojú ìwé 40 náà tẹ̀, àwọn ń fi ti àkọ́kọ́ wé e, lẹ́tà kan kò yàtọ̀. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún mi.

Wọ́n ní, “O ti lọ.” Wọ́n sì fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, wọ́n tẹ “ẹyẹ”.