Owó Òpó Iná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ̀yà. Láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yìí, tí mo sì ń ṣe àlàyé rẹ̀ fún wọn pé ohun tí agbára ẹnì kan kò ká, agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ká a. Ṣùgbọ́n mo ti di arúgbó kí n tó mọ̀ pé àlàyé mi kò pé. N kò sọ ohun tí ó yẹ kí ọwọ́ tí ó gba owó ṣe fún àwọn ọwọ́ tí ó dá a. Ìlú Madina, ní ẹ̀bá Accra, ni mo ti kọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ náà, ẹnu obìnrin tí kò kọjá ìwé kẹrin ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ó wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa tí wọ́n ṣí lọ sí Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana lónìí, láti lọ ṣòwò. Aṣọ ni òun ń tà. Ní ọdún 1959 ni Alhaji Seidu Kardo tẹ Madina dó lórí ilẹ̀ àwọn ará La, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Mẹ̀dínà ti ilẹ̀ Arébíà pè é. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n jùmọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ọdún 1962 ni bàbá mi kó wa lọ síbẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Àtùpà elépo ni a ń tàn nígbà náà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a óò máa wo iná yunifásítì tí ó wà lórí òkè Legon, tí kò jìnnà sí wa rárá. Àwa ọmọdé a máa pè é ní ìràwọ̀ ilẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, Ààrẹ Nkrumah ṣí ìdídò Akosombo lórí odò Volta, gbogbo ènìyàn sì gbà pé iná mànàmáná kò ní pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà àwọn. Nígbà tí a retí títí tí a kò rí nǹkan kan, àwọn àgbà àdúgbò wa péjọ ní ọdún 1968, wọ́n sì pinnu láti máa dá owó òpó iná. Bàbá mi dá tirẹ̀. Òpó mẹ́ta ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, wáyà kò sì sí lórí ọ̀kankan. Nígbà tí ó di ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ta ìgàn aṣọ bí ẹni ń ta ewé, ó sì kó wa padà sílé. Títí ó fi kú ni ó máa ń fi ṣe àwàdà bí iná bá lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, a ní, "Iná tèmi wà ní Madina."

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọdún 2016, tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ jó. Àwọn ará àdúgbò ní àwọn kò lè jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ní àwọn yóò dá owó ra òmíràn. Wọ́n yàn mí ní akápò, nítorí wọ́n ní olùkọ́ ni mí. Mo gba owó, a ra tiransifọ́mà, iná sì dé. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, n kò jí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, obìnrin kan tí ó ń ta ata ní ìkóríta dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìṣírò rẹ̀ fún wa." Inú bí mi. Mo bi í bóyá olè ni ó ń pè mí. Àwọn àgbà bá mi bá a wí, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sì jókòó. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé n kò ní ìṣírò kankan tí mo lè kà. Orí àjákù ìwé ni mo ń kọ ọ́ sí, púpọ̀ nínú wọn sì ti sọnù. Obìnrin náà kò wá sí ìpàdé mọ́. Nígbà tí ó di pé a fẹ́ dá owó gọ́tà lẹ́yìn ọdún méjì, ìdajì àdúgbò kò dá a. Mo ń sọ fún ìyàwó mi nígbà náà pé àwọn ènìyàn ayé òde òní kò ní ìfẹ́ ìlú.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni mo padà sí Madina fún ìgbà àkọ́kọ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin ṣì wà níbẹ̀, nítorí ọmọ Ghana ni ọkọ rẹ̀, àṣẹ ọdún 1969 kò sì kàn án. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó fi oríkì pè mí, ó ní, "Àkànní, o pẹ́." Òpópónà tí a ti ń ṣeré lórí erùpẹ̀ ti ní ilé alájà lọ́tùn-ún lósì, òpó iná sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni ó mú mi lọ sí ìpàdé àdúgbò. Láti ọdún 2012 ni Madina ti ní ìgbìmọ̀ ìlú tirẹ̀, La Nkwantanang Madina ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Àwọn ará àdúgbò ni wọ́n ń dìbò yan èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, òfin kò sì fi ààyè gba ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ìbò náà. Àwọn tí Ààrẹ ń yàn sí i kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Òfin-ìpìlẹ̀ wọn ti ọdún 1992 sọ pé, ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 owó tí ń wọlé fún orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ lọ sínú àpò kan tí gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú jọ ní, fún ìdàgbàsókè ìlú wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá san owó iná mànàmáná ní Ghana, a óò yọ díẹ̀ lé e lórí fún iná ojú títì. Nítorí náà, ẹni tí ó ń rìn nínú òkùnkùn ní Madina ti sanwó ìmọ́lẹ̀ ná.

Oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n dìbò yan aṣojú àdúgbò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní sùúrù. Ó bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní gọ́tà, àwọn kan ní ilé ìgbẹ́ fún ilé-ẹ̀kọ́, àwọn kan ní iná ojú títì. Awakọ̀ kan rán wọn létí ọ̀nà Adenta: bí wọ́n ti la ọ̀nà ńlá náà tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò parí fún ọdún púpọ̀, tí ọkọ̀ ń pa àwọn tí ń sọdá, títí àwọn ará ìlú fi dí ọ̀nà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018 nítorí ọmọ ilé-ìwé tí ọkọ̀ pa. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí á dúró di ìgbà tí ẹnì kan bá kú kí á tó bèèrè." Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni iná lọ. Gbogbo wọn kígbe lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Dumsor!" Èdè Akan ni èyí: pa á, tàn án. Láti ìgbà ìṣòro iná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 ni ó ti di orúkọ tí wọ́n ń pe àìdúró iná. Wọ́n tan iná fóònù, ìpàdé sì ń bá a lọ.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n tú ká, aṣojú náà bèèrè bóyá wọ́n lè dá díẹ̀ láàárín ara wọn láti tún iná mẹ́ta ṣe, kí owó ìgbìmọ̀ tó dé. Àbúrò bàbá mi na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀?" Wọn kò tíì yan ẹnì kan. Ó ní, "Ẹ yan akọ̀wé ná. Lẹ́yìn náà ni èmi yóò dá tèmi." Ẹnikẹ́ni kò bínú sí i. Wọ́n yan akọ̀wé níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí ó ń ran télọ̀.

Ìtìjú bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí a délé, mo bi í ní ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú àpótí kékeré kan jáde, ó sì yọ ìwé kan tí eteetí rẹ̀ ti jẹ. Òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé owó òpó iná ní ọdún 1968. Orúkọ bàbá mi wà ní ojú ewé kejì: sídì tuntun 2, òpó iná. Mo fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ẹ̀yìn ìwé hàn mí. Iná ìjọba dé lẹ́yìn tí a ti lọ, wọn kò ná owó náà tán, wọ́n sì pín èyí tí ó kù fún àwọn tí ó dá a. Ti bàbá mi jẹ́ pèsèwà 40. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fi ṣe sàárà ní orúkọ rẹ̀, nítorí kò sí ní ìlú.

Ó ní, "Àkànní, wọ́n lé bàbá rẹ kúrò ní Ghana. Wọn kò lé e kúrò nínú ìwé mi. Ẹni tí ó bá dá owó kò tíì lọ, àfi ìgbà tí a bá jíhìn fún un."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, láìgba ọwọ́ gómìnà. Ní ọdún 2025, ìjọba Ghana náà ní kí ìdá 80 nínú 100 owó àpò àjọni wọn máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìlú. Ohun rere ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin lè gbé owó dé ẹnu ọ̀nà wa, kò lè bá wa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ bá ń bínú sí alátà tí ó bèèrè ìṣírò tiransifọ́mà kan ṣoṣo, ẹnu wo ni n óò fi bèèrè ìṣírò lọ́wọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀?

Nígbà tí mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá rìsíìtì kiri. Mo bi àwọn tí ó dá owó, mo bi ẹni tí ó bá wa gbé ẹrù, mo sì to gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan. Náírà 18,500 ni n kò lè sọ ibi tí ó gbà lọ. Mo fi owó ara mi dí i, mo sì lẹ ìṣírò náà mọ́ ara ọgbà tiransifọ́mà níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá alátà ní ìkóríta, mo sì bẹ̀ ẹ́ ní gbangba, gẹ́gẹ́ bí mo ti bá a wí ní gbangba. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mo ti kà á, Tíṣà. Èló ni ẹ ń gba fún gọ́tà náà?"

Ní báyìí, bí mo bá ń bá àwọn ọmọ ọmọ mi ṣe ìṣirò, owó àdúgbò ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ: iye tí ó wọlé, iye tí ó jáde, iye tí ó kù àti ẹni tí ó ni ín. Mo sì ti fi òwe mìíràn kún ti àgbájọ ọwọ́. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí ẹni tí a bi léèrè má sì ṣe bínú.