Ohùn Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu

Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ní kíláàsì pé ìbejì olórin wo ni wọ́n mọ̀. P-Square ni gbogbo wọn fi dáhùn. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí a tó bí P-Square sí ìlú Jos ní 1981, Jos kan náà ni a ti bí ìbejì olórin mìíràn sí ní 1948, ọmọ Yorùbá, ìbátan Fẹlá: Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu.

Àwo mẹ́rin ni wọ́n ṣe fún Afrodisia, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Decca: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978 àti Horizon Unlimited ní 1979. Biddy Wright, tí ó mọ ohun èlò orin púpọ̀ lò, ni ó bá wọn ṣiṣẹ́. Orin Gẹ̀ẹ́sì inú Danger ni àwọn òyìnbó máa ń yìn. Ní tèmi, Mother Africa ni mo fi ṣíwájú, ìdí rẹ̀ nìyí.

Ohùn mẹ́ta ni èdè wa ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí orin bá gba ibi tí ọ̀rọ̀ kò gbà, ìtumọ̀ dàrú. Ẹ wo “Ìyá Mi Jọ̀wọ́”, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1960, tí wọ́n sì tún kọ sínú Mother Africa. Bí ohùn bá já wálẹ̀ lórí sílébù kejì, ìyá di ìyà. Ìyà ni a wá ń bẹ̀. Ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí a fi sórí ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń ṣe àmín sí i! Àwọn ìbejì yìí rí ọgbọ́n dá sí i. Ọ̀kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó fetí sí ohùn òkè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ó fetí sí ti ìsàlẹ̀ náà gbọ́ ọ.

Nílé mi ní Alákíà, mo ń gbọ́ àwo yìí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nígbà tí ìyá ìbejì kan ládùúgbò wa wá pọn omi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Dókítà, ṣé ẹnì kan ló ń kọrin yìí ni, àbí méjì?”

“Ìbejì ni wọ́n, Mà.”

“Mo kúkú mọ̀.”

Mo sọ ìyókù fún un: bí wọ́n ṣe kó lọ sí New York, bí Kẹ́hìndé ṣe ṣubú ní 1996 tí ó fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe, tí orin sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n ṣe tún gun orí ìtàgé ní 2014 láti kọ orin William Onyeabor, ará Enugu tí ó fi dùùrù oníná ṣe iṣẹ́ ìyanu. Oṣù kọkànlá 2019 ni Kẹ́hìndé kú. Láti 2024, Numero Group ní Amẹ́ríkà ti ń tún àwọn àwo wọn tẹ̀ jáde.

Ti àwo kò kan ìyá náà. Ó gbé garawa rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

“Táyé ńkọ́? Ta ní ń bá a gbè é?”

N kò rí èsì fọ̀. Mo yí àwo náà sí ojú kejì.